Ọmọ Tuntun Kò Bẹ̀bẹ̀ fún Ìrọ̀rí

Bí igbe jòjòló bá ta nínú agboolé kan ní Ọlá, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè Èjìgbò, iṣẹ́ dé fún gbogbo ará ilé nìyẹn. Ẹnì kan yóò gbé omi kaná, ẹlòmíràn yóò wá kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú, ẹlòmíràn yóò bu òrí àti àdí wá. Ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ lé ojúgun rẹ̀, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò nà án ní apá àti ẹsẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ tí ó ti rì bọ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rọra tẹ orí rẹ̀ yípo kí ó lè rí roboto. Nínú gbogbo ètò yìí, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè láyé àtijọ́: níbo ni ọmọ yóò sùn, báwo ni yóò sì ṣe sùn? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Orí ẹní ni, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè tí a kì í béèrè yìí ti di ọ̀rọ̀ ọjà báyìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Àbíjàn ní ilẹ̀ yìí. Àwọn mìíràn mọ Treichville àti Adjamé ju bí wọ́n ti mọ Ìbàdàn lọ, ọkọ̀ èrò sì ń gbéra ní Èjìgbò tààrà lọ sí ọ̀hún. Ẹni tí ó lọ sájò kì í gbàgbé ilé. Bí ìkómọjáde bá kàn, ẹrù yóò dé: aṣọ, fìlà, ìpara, ọṣẹ. Àwọn tí ó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà náà yóò fi tiwọn ránṣẹ́. Nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun èlò tí a ṣe fún oorun ọmọ ti ń yọjú. Ìrọ̀rí kan wà tí ó ga ní apá kan tí ó sì rẹlẹ̀ ní apá kejì bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Tìmùtìmù kékeré méjì wà tí a rán mọ́ aṣọ kan, tí a ó fi há ọmọ láàrin kí ó má baà lè yí. Ìrọ̀rí mìíràn ní kòtò láàrin, àwọn tí ń tà á sì ń sọ pé ó ń tún orí ọmọ ṣe. Ibùsùn dídagun tún wà tí ó ń mi ọmọ bí ọkọ̀ ojú omi. Àwòrán wọn kún inú fóònù, ojú wọn sì fani mọ́ra.

Ǹjẹ́ ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ le nílò ọ̀kan nínú wọn? Rárá o. Kì í ṣe pé kò nílò wọn nìkan, àwọn kan nínú wọn lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín gbé kọjá, nítorí ẹ̀rù ni ó ń ta ọjà náà. Ìwádìí nípa ètò ìdílé àti ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bá bí láàyè, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí kò kan bí ọmọ ṣe sùn: àìtètè mí lẹ́yìn ìbí, ìbí tí oṣù rẹ̀ kò pé, àti àrùn tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti gbọ́ irú ìròyìn yìí rí, tàbí tí ó ti fojú rí i nínú ilé, kò ní ṣahun owó sí ohunkóhun tí a bá sọ fún un pé yóò ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn baba wa náà mọ ẹ̀rù yìí, wọ́n sì fi í sọ ọmọ lórúkọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọmọ tí ó sùn ní alẹ́ kò bá jí ní òwúrọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ni a máa ń ká ọ̀rọ̀ náà sí lọ́rùn. Ẹnu kì í sábà kan ohun tí ó wà ní ìtòsí imú ọmọ lóru ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kì í ṣe ẹni tí kò fiyè sí bí ara ọmọ ṣe wà. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni a ń pè ní Àjàyí, èyí tí ó bá sì mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Ohun tí a kíyè sí nígbà ìbí ni a kò kíyè sí tó nígbà oorun. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, àṣẹ tí ìyá àgbà ń pa títí di òní ni pé, “Ìyàwó, da ọmọ yẹn dojú bolẹ̀.” Ìdí mẹ́ta ni ó sì máa ń ní. Àkọ́kọ́ ni pé orí ọmọ kò ní tẹ́ lẹ́yìn. Ìkejì ni pé ọmọ kò ní máa ta gìrì, yóò sì sùn pẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wúwo jù, ni pé bí ọmọ bá pọ wàrà lójú oorun, kò ní há a lọ́fun.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti wí bẹ́ẹ̀ rí, inú ìwé ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Dókítà Benjamin Spock ti Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1946, gba àwọn ìyá níyànjú nínú àtẹ̀jáde ọdún 1956 pé kí wọ́n máa da ọmọ dojú bolẹ̀. Ìdí kan náà tí ìyá àgbà ń sọ ni òun náà sọ: wàrà tí ọmọ lè pọ̀. Àìmọye ìyá ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ni ó tẹ̀lé e, ọmọ sì ń kú lójú oorun láìsí àìsàn kan tí a lè tọ́ka sí. Ní ọdún 2005, Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ ní ọdún 1970 ti tó láti fi kìlọ̀ fún àwọn òbí, àti pé ká ní wọ́n kìlọ̀ nígbà náà ni, nǹkan bí 10,000 ọmọ kì bá tí kú ní Ìlú Ọba nìkan; bí a bá sì ka Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti New Zealand pọ̀, iye náà kò ní dín ní 50,000. Ọdún 1991 ni Ìlú Ọba tó ké gbàjarè pé kí gbogbo ìyá máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn; Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1994. Láàrin ọdún mélòó kan, ikú òjijì àwọn ọmọ ọwọ́ ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ ní Ìlú Ọba. Wọn kò ra ohun èlò kankan fún un. Wọ́n kàn yí ọmọ padà ni.

Àwọn dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà náà ti ṣèwádìí láàrin àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́ nípa irú ikú yìí, àti pé púpọ̀ nínú wọn ń da ọmọ dojú bolẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Kí ni ti wàrà pípọ̀ tí ó ń ba ìyá lẹ́rù? Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà tí èémí ń gbà wà lókè, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wà lábẹ́ rẹ̀. Wàrà tí ó bá ń bọ̀ wá sókè yóò ní láti gun òkè kí ó tó wọ ọ̀nà èémí, ọmọ yóò sì gbé e mì tàbí kí ó wúkọ́. Bí a bá da ọmọ dojú bolẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó wà nísàlẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣàn, ibẹ̀ ni ó ń ṣàn sí. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí imú rẹ̀ rì sínú fóòmù tàbí aṣọ yóò máa fa èémí tí òun fúnra rẹ̀ ti mí síta padà sínú, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti gbé orí kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrùn yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìrọ̀rí àti ibùsùn dídagun. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ni a máa ń lò, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìtumọ̀ gidi náà wà: orí ọmọ ọwọ́ wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ, bí ó bá sì ṣubú síwájú tí àgbọ̀n kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun yóò ká bí rọ́bà omi ṣe ń ká, èémí kò ní rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn ìyá, lọ́jà, ọgọ́rùn-ún ojú ni ó ń wo orí ọmọ náà. Lórí ibùsùn dídagun, ní agogo méjì òru, kò sí àgbà lọ́jà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Ní ọdún 2010, àwọn àjọ ìjọba méjì níbẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa tìmùtìmù tí a fi ń há ọmọ láàrin, nítorí pé láàrin ọdún 13, ìròyìn ikú ọmọ 12 ti dé etí wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Fisher-Price pe ibùsùn dídagun tí ó ń jẹ́ Rock 'n Play padà kúrò lọ́jà, nǹkan bí 4.7 mílíọ̀nù rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ju ọgbọ̀n ọmọ lọ ti kú sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìkéde náà ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2023, iye ikú tí a ròyìn ti tó nǹkan bí 100, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ lẹ́yìn ìpè-padà àkọ́kọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin tí ó ka ibùsùn ọmọ tí ó bá dagun ju ìwọ̀n kan lọ léèwọ̀, pẹ̀lú àwọn tìmùtìmù tí a fi ń yí ibùsùn ọmọ ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ọlá nìyí. Òfin Amẹ́ríkà kò dé Nàìjíríà, ìkéde ìpè-padà kì í sì í bá ọjà wọ inú ọkọ̀. Ohun tí ìyá kan ní òkè òkun ti jù sí ẹ̀yìn ilé lè wọ inú àpótí tòkunbọ̀, kí ó gba etíkun dé ọjà wa, kí ẹni tí ó rà á sì máa dúpẹ́ pé òun rí ojúlówó. Àjọ SON tí ó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, àti àjọ FCCPC tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn wọn. Ó yẹ kí ìkìlọ̀ lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ẹnu wọn jáde ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́.

Ẹní ńkọ́? Ẹní tí a tẹ́ sí ilẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ó le, tí kò sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ rọ̀gọ̀dọ̀ lórí rẹ̀, bá ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹní ni ọ̀pọ̀ ìyá ń sùn lé mọ́. Fóòmù ni, òmíràn sì rọ̀ débi pé ènìyàn yóò rì sínú rẹ̀. Ìrọ̀rí mẹ́ta, aṣọ ìbora nínípọn, ọkọ ní apá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n ọmọ ní apá òsì. A ju ẹní nù, a sì mú àṣà ìdojúbolẹ̀ dání wá sórí fóòmù. Ewu méjì ni a so pọ̀ yẹn. Bí ìyá bá lè tẹ́ ibùsùn kékeré tí ó le fún ọmọ nínú yàrá kan náà, kí ọwọ́ rẹ̀ tó o, ìyẹn dára jù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ó ta lé e, kí ó sì nà án dáadáa kí ó má baà wó lé ọmọ lójú. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí fìlà onírun àti aṣọ mẹ́ta ń ṣe lára ọmọ tí ó ń sùn.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yàtọ̀. Àyà ìyá rẹ̀ ni ibùsùn rẹ̀, ara kan ara, gẹ́gẹ́ bí Dókítà Edgar Rey ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bogotá ní ọdún 1978 nígbà tí ẹ̀rọ amóoru kò kárí, àjọ ìlera àgbáyé sì ti fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ni yóò fi ọ̀nà rẹ̀ han ìyá. Ní ti orí tí ó tẹ́, ìyá kò nílò ìrọ̀rí oníkòtò. Kí ó máa yí orí ọmọ sí ọ̀tún lónìí, sí òsì lọ́la. Kí ó máa da ọmọ dojú bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là tí àgbà sì ń wò ó. Bí ọrùn ọmọ bá sì ti ń le, ìpọ̀n wa náà ń gbé orí rẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹni tí yóò sọ gbogbo èyí fún ìyá ọkọ ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ìyàwó tí ó dé lánàá kò lè dìde kí ó ní irọ́ ni Ìyá ń pa. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀, tí ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, kí ẹ bá mi dà á dojú bolẹ̀ lọ́sàn-án bí ẹ bá ń wò ó,” Ìyá yóò rí i pé wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó sì sàn kí àwọn nọ́ọ̀sì máa pe ìyá àgbà pẹ̀lú ìyàwó bí wọ́n bá ń ṣàlàyé, dípò kí wọ́n máa fi ìyàwó nìkan ránṣẹ́ sí i. Tìmùtìmù tí ó ti Àbíjàn dé náà kò ní ṣòfò. Ìyá ọmọ lè fi ti ẹ̀yìn nígbà tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, kí ó sì gbé e kúrò nítòsí kí oorun tó kun ọmọ.