Ẹ̀rọ Ata Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ẹran

Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́ ní ọjà Ìkọ̀tún, ariwo ẹ̀rọ ìlọta a gba gbogbo àyíká kan. Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ẹ̀wà tí wọ́n ti bó fún mọ́ínmọ́ín: ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá. Kò sí ẹjọ́ nínú ìyẹn. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹran màlúù tí àwọn kan ń gbé síwájú ẹ̀rọ yẹn nítorí míìtì-páì tàbí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, tí oníẹ̀rọ a kàn bu omi díẹ̀ ṣan ẹnu rẹ̀, tí iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀.

Odindi ẹran ní ẹ̀yìn, ó ní inú. Ẹ̀yìn ni kòkòrò àìfojúrí tó bà lé e lórí tábìlì alápatà sábà máa ń wà, iná ìdáná a sì jó o pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ ẹran náà, ẹ̀yìn di inú, ohun tó wà lójú rẹ̀ a wọ àárín lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993 nìyẹn: ẹran lílọ̀ tí iná kò tó, tí wọ́n tà ní àwọn ilé oúnjẹ Jack in the Box, kó àìsàn bá ènìyàn tó lé ní 700, ọmọdé mẹ́rin sì kú. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ oúnjẹ níbẹ̀ fi ní kí ooru àárín ẹran lílọ̀ dé ìwọ̀n 71 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, nígbà tí 63 tó fún odindi ègé.

Ti irin tún wà níbẹ̀. Àwo irin méjì tó ń ha ara wọn ló ń lọ ata, bí wọ́n sì ti ń jẹ ara wọn ni lẹ́búlẹ́bú irin ń bọ́ sínú oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i.

Àwọn kan á ní àṣà olówó ni ríra ẹ̀rọ ìlọ-ẹran sílé, pé ẹ̀rọ ọjà kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ta ló ka iye ọmọ tó ṣu omi ní Ìgàndò lẹ́yìn ọjọ́ ìbí, tí wọ́n sì ní ibà ni? Ìyá àgbà tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí kò lo ẹ̀rọ gbogbo ayé. Odó tirẹ̀ àti ọlọ tirẹ̀ ló lò, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fọ̀ wọ́n.

Bùlẹ́ńdà kọ́ ni ìdáhùn. Ó ń sọ ẹran di ẹ̀kọ, ẹran a sì há sí abẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ̀rọ oníná dára, bí iná bá wà. Àwọn ará Ẹgbẹ́dá mọ ìyókù. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló bá Alímọ̀ṣọ́ mu. Kí olùrà má wo dídán: irin tí wọ́n fi tánganran bò náà ń dán, ṣùgbọ́n bí ìbòrí yẹn bá ti ṣí, ó dípẹtà. Irin tí kì í dípẹtà ni kó béèrè, kó tú u palẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kó rí i pé ọwọ́ àti kànìnkànìn lè dé gbogbo inú rẹ̀. Ihò 4.5 mìlímítà tó fún míìtì-páì. Ojú pẹlẹbẹ ọ̀bẹ ni kó kọ sí àwo oníhò. Bí wọ́n bá dè é sódì, fífọ́ ni yóò máa fọ́ ẹran, kò ní gé e. Tábìlì oníke kò sì lè gbé e dúró.

Kí ẹran tutù rinrin kó tó wọnú ẹ̀rọ, nítorí ọ̀rá tó ti rọ̀ a máa dí ihò. Ẹni tí kò ní iná lè ra yìnyín, kó di ẹran sínú ọ̀rá, kó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀.

Láyé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba Èkó gbé ọkọ̀ Eko Meat Van jáde kí ẹran má baà máa gun ọ̀kadà mọ́. Kí ni àǹfààní ọkọ̀ yẹn bí ẹran tó gbé bá parí ìrìn-àjò rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ ata? Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè tó yí i ká ń gba owó ọjà. Kí wọ́n pàṣẹ pé ẹ̀rọ tó bá ń lọ ẹran kò gbọdọ̀ lọ ohun mìíràn, kí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sì máa ṣí i wò. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń ra míìtì-páì fún ọmọ rẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti lọ ẹran inú rẹ̀.