Ìtọ́jú Ilé: Èédú Tí Ń Rú Èéfín, àti Ọgbọ́n Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ iná ni a mú wá sí ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe iná igi tí gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà èwe wa, bí kò ṣe iná èédú tí a ń wà láti inú ilẹ̀, àgàgà irú èyí tí ó rọ̀, tí èéfín rẹ̀ ń rú bí oko tí a ti iná bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ó kàn wá nínú èyí, àwa tí kì í fi èédú ilẹ̀ se ọbẹ̀?" Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa wà ní Johannesburg àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn ilé kan ṣì ń fi irú èédú yìí dáná títí di òní. Apá ìkẹyìn ọ̀rọ̀ wa sì kan ẹnikẹ́ni tí ń lo èédú igi nínú àdògán níhìn-ín.

Ibi gíga ni Johannesburg wà, ó fi ohun tí ó lé ní 1,700 mítà ga ju ojú òkun lọ. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Omi a máa di yìnyín lóru. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni iná ń ṣe fún wọn: ó ń se oúnjẹ, ó sì ń mú ilé gbóná. Èédú kò sì wọ́n wọn, nítorí ilẹ̀ tí ó yí eMalahleni ká, èyí tí à ń pè ní Witbank tẹ́lẹ̀, kún fún un. Ẹni tí kò ní sítóòfù a máa lo ìmbáúlà, èyíinì ni garawa irin tí a dá ihò sí lára yí ká. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá dáná lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ tútù tí ó wà nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí èéfín gòkè lọ. Yóò bo àdúgbò bí ìkùukùu, àwọn ọmọdé yóò sì máa wúkọ́ sùn.

Èédú inú ilẹ̀ kò rí bákan náà. Èyí tí ó le, tí ó sì ń dán, kì í rú èéfín púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó rọ̀, bí a bá wọn 100, ohun tí ó tó 20 títí dé 40 lè jẹ́ gáàsì àti ọ̀dà tí yóò jáde nígbà tí ooru bá ti kàn án. Èéfín dúdú tí à ń rí nì, oúnjẹ iná ni, tí iná kò rí jẹ. Ẹni tí ó ń wò ó bí ó ti ń gba ojú fèrèsé jáde, owó rẹ̀ ni ó ń wò tí ń fò lọ. Àwọn àgbà tí ó mọ ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, nígbà tí ó ń fi èédú Enugu rìn, yóò rántí bí èéfín rẹ̀ ti ń dúdú nígbà tí ẹni tí ń kóná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da èédú tuntun sí i, tí yóò sì mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èédú tútù ni ó bo iná mọ́lẹ̀. Gáàsì ń jáde lára rẹ̀, kò sì bá ọwọ́ iná pàdé.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dáná èédú. Wọn a fi ìwé sísàlẹ̀, wọn a to igi lé e, wọn a ṣáná sí i, wọn a sì da èédú lé gbogbo rẹ̀ lórí. Iná wà nísàlẹ̀, òkìtì tútù wà lókè, èéfín sì ní láti gba àárín òkìtì náà kọjá. Kò lè ṣe kó má rú.

Ọgbọ́n tí ó yí èyí padà, ìyá àgbà kan ni a gbọ́ pé wọ́n rí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Basa njengo Magogo, èyí tí í ṣe "Dáná bí ìyá àgbà" ní èdè Zulu. Ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i ní ìdúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba sì rán àwọn ènìyàn lọ fi hàn ní Orange Farm, lápá gúúsù Johannesburg, ní 2003. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ohun èlò tuntun kan nínú rẹ̀. Títò nìkan ni ó yàtọ̀.

Èédú ni kí a kọ́kọ́ tò sísàlẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí a fẹ́ lò. Kí ó jẹ́ òkúta òkúta tí kò ju ìkúùkù lọ, kí a sì yọ eruku rẹ̀ kúrò, nítorí eruku a máa dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Lórí èédú ni kí a fi ìwé sí, lórí ìwé ni kí a to igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ sí, kí a sì ṣáná sí i. Nígbà tí igi bá ti gbiná dáadáa, kí a gbé èédú kéékèèké bí ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lé e. Iná yóò máa jẹ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáàsì tí ń jáde láti ìsàlẹ̀ yóò gba àárín ọwọ́ iná kọjá, iná yóò sì jẹ ẹ́ kí ó tó di èéfín. Èéfín a máa dín ju ìdajì lọ, ìkòkò a sì tètè gbóná. Ìdánwò rẹ̀ wà nínú sùúrù: ẹni tí ó bá rò pé iná náà ti ń pẹ́, tí ó sì da èédú púpọ̀ lé e lórí, ti sọ ọ́ di iná àná.

Bí ó bá jẹ́ sítóòfù onílẹ̀kùn tí ó ní páìpù èéfín ni, tí a sì ní láti fi èédú kún un, kí a má ṣe bo gbogbo ojú iná. Kí a fi irin ti ẹyin iná sí apá kan, kí a fi èédú tuntun sí apá kejì, kí gáàsì tí ń jáde lè kọjá lójú ẹyin iná pípọ́n náà. Kí a sì ṣí ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan kò tó o. Àwọn kan a máa dí gbogbo ihò lálẹ́ kí èédú lè pẹ́. Àṣà búburú ni: gáàsì a kó jọ nínú sítóòfù, nígbà tí a bá sì ṣílẹ̀kùn lójijì, ó lè bú gbàmù sí ni lójú.

Àwa kò sọ pé ọgbọ́n yìí mú gbogbo ìyọnu kúrò. Ní oṣù kejìlá 1952, èéfín èédú bo London fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tẹ̀lé e ní 1956, láti oṣù karùn-ún 2023 sì ni a kò ti gbọdọ̀ ta irú èédú yìí fún ìdáná ilé ní England mọ́. Ilé tí ó bá lè ra iná mànàmáná tàbí gáàsì ìdáná, kí ó rà á.

Ohun kan wà tí ó ń bà wá lẹ́rù ju èéfín lọ. Nígbà tí ìmbáúlà bá ti pọ́n tán, tí kò rú mọ́, àwọn ènìyàn a rò pé ó ti mọ́, wọn a gbé e wọ yàrá, wọn a sì ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù. Ìgbà náà gan-an ni ó ń pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ olóró kan a máa ti ara ẹyin iná jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí a máa fọ́ ni, èébì a máa gbé ni, oorun a sì gbé ni lọ pátápátá. Iná tí a dá bí ìyá àgbà kò yọ nínú èyí, àdògán èédú igi tiwa tí à ń gbé wọlé nígbà òjò kò sì yọ níbẹ̀. Bí a bá bá ẹnìkan nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tí kò lè dìde, kí a ṣílẹ̀kùn, kí a gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí a má ṣe da epo tàbí omi sí i lẹ́nu. Kí àwọn ọmọ tó lọ sùn ni kí ìmbáúlà ti wà ní ìta, ìbáà ṣe pé ẹyin iná mẹ́ta péré ni ó kù nínú rẹ̀. Aṣọ ìbora ni kí wọ́n fi borí òtútù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.