Ìwé Ìlera Ọpọlọ Wa Di Ọ̀fẹ́

   

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú sì ni pẹ̀lú. Ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti àwọn mélòó kan nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Kàdúná ti ń tẹ ìwé pélébé kan jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlera ọpọlọ. Ojú ewé mẹ́jọ ni. Èdè Yorùbá ni a fi ń kọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa gbọ́ Haúsá ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí ń dun ọkàn wọn, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Náírà 200 ni a ń tà á. Láti èyí tí yóò jáde tẹ̀lé e, ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjà tí kò tà ni a fẹ́ fi ṣe sàárà.

Ní ọjọ́ Àsálátù kan, mo jókòó ti tábìlì tí a to àwọn ìwé náà sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí. Ìyá kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ lọ́jà, kọjá níwájú mi nígbà mẹ́ta. Wọn á wo àkọlé ìwé náà, wọn á sì tún lọ. Owó kọ́ ni ìṣòro wọn, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹ̀sùbáà tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì mí ni. Nígbà tí èrò ti túká tán, wọ́n padà wá, wọ́n rọra sọ fún mi pé: "Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwé yẹn sínú ọ̀rá dúdú. Bí mo bá mú un lọ́wọ́ báyìí, wọn á ní ta ni orí rẹ̀ dàrú nílé mi."

Ọmọ wọn obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò ti sùn dáadáa, tí ó ń sunkún, tí kò sì fẹ́ wo ojú ọmọ tí ó bí. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni, àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni. Ìyá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí àlejò má baà rí i. Ọjọ́ kejì ni a bá wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Alihamudulilahi.

Ṣùgbọ́n èmi kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìwé tí ó ṣàlàyé àìsàn tí ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ wà lórí tábìlì mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo wá rí i pé náírà 200 tí a ń gbà kì í ṣe owó ìwé nìkan. Owó ìjẹ́wọ́ ni. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ láti ra ìwé àìsàn ọpọlọ ní gbangba, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé òun. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ ni ojú kò tì láti rà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ẹní gbogbo olùkírun, ta ni yóò mọ ẹni tí ó nílò rẹ̀? Àwọn àgbà sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ó bí i, tí ó sì ń fi í pamọ́, ni a ń wá.

Ẹ̀sìn wa kò sọ àìsàn ọkàn di ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Suuratu Yuusuf, Alukuraani Alápọ̀n-ọ́nlé fi yé wa pé ojú Ànábì Yaakub di funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀. Ànábì Ọlọ́hun ni, onísùúrù sì ni, síbẹ̀ ìbànújẹ́ mú un lára. Ànábì wa Muhammad pàápàá rí ọdún tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọdún ìbànújẹ́, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ Khadijah àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ Abu Talib papò dà. Ó sì kọ́ wa nínú hadíìsì pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti kúrò, títí yóò fi padà sípò. Bí Ọlọ́hun kò bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, kí ni àwa ará àdúgbò fi ń dá àwọn òbí rẹ̀ lẹ́bi?

Àwọn mùsùlùmí àtijọ́ mọ èyí. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú ọkàn. Ó ṣàlàyé ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wasiwasi, ìyẹn èrò tí ń padà wá léraléra tí kì í jẹ́ kí ọkàn sinmi. Ní ìlú Kairo, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní ọdún 1284. Olówó àti tálákà ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ibẹ̀ sì ní àyè fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Níbo ni owó rẹ̀ ti ń wá? Láti inú wakafu ni, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun, tí èrè rẹ̀ ń bọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́dọọdún.

Ẹ wá wo ibi tí àwa bá a dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, níhìn-ín ní Kàdúná. Wọ́n bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ju 300 lọ níbẹ̀, wọ́n sì de púpọ̀ nínú wọn ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ wọn wá fún àtúnṣe, àwọn kan sì ń san owó. N kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Òbí tí kò mọ ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà tí ó bá rí ni yóò tọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin ọdún 1958 tí ó ti gbó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá lọ bá ìyá tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwé pélébé lè wọ ibẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì, pé àwọn ènìyàn yóò fi di àkàrà. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tí ó ra àkàrà náà lè kà á! Wọ́n tún béèrè ta ni yóò san owó bébà, èyí tí ń gun òkè lójoojúmọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé kí ìdílé kan máa gbé ẹrù ìtẹ̀jáde kan, ní orúkọ òbí wọn tí ó ti kú bí wọ́n bá fẹ́. Ìmọ̀ tí ń ṣe ènìyàn láǹfààní àti sàárà tí kì í tán wà lára iṣẹ́ mẹ́ta tí èrè wọn kì í já lẹ́yìn ikú. A ó máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí ẹ̀yìn ìwé náà. A kò sì ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn tàbí tí ń ta hàńtú, kí a má baà di ẹni tí ń polówó ọjà fún aláìsàn.

Àwọn iṣẹ́ tuntun tún wà níwájú wa. Èkíní, a fẹ́ gba ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sílẹ̀ ní ohùn, kí àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ ọ lórí fóònù. Èkejì, a fẹ́ bá àwọn àlùfáà wa jókòó, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí àdúà àti ilé ìwòsàn jọ rìn. Ẹ̀kẹta ni ó wù mí jù. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda pàdánù ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń tọ́jú. Ọmọ náà pa ara rẹ̀, nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ láti padà wá sí ilé ìwòsàn. Láti ọdún 2006 ni dókítà náà ti kọ́ àwọn ìyá àgbà, àwọn 14 ní ìbẹ̀rẹ̀, láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n máa fetí sí ẹni tí ìrònú pọ̀ jù fún. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ wọn fúyẹ́. Ṣé àwa kò ní ìyá àgbà ní Àsálátù wa ni? A kò ní ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin òbí, bí ẹnì kan nílé yín bá ń banú jẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun tàbí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má dúró. Bí ó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níhìn-ín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí ẹ bá bá ìwé náà lórí ẹní yín, ẹ mú un, bí gbogbo ilé yín tilẹ̀ wà ní àlàáfíà. Ẹ mú un lọ́wọ́ ní gbangba, kí ẹni tí ó nílò rẹ̀ lè fara pamọ́ sáàárín yín. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì bo àṣírí wa. Àmín. Ó di ìgbà mìíràn, in shaa Allah.