Ẹ̀kọ́ ìwé l'Amẹ́ríkà: Owó ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in?

Lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2025 ni Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Donald Trump, buwọ́ lu ìwé àṣẹ kan pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn wọlé, ìyẹn iléeṣẹ́ tí Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1979. Ohun tí Trump ń tẹnu mọ́ ni pé owó tí Amẹ́ríkà ń ná lórí ọmọ ilé-ìwé kan pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, àmọ́ tí àwọn ọmọ wọn bá dé ìdí ìdánwò, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdánwò tí wọ́n sábà máa ń fi wọn orílẹ̀-èdè kan mọ́ òmíràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní PISA, tí àjọ OECD bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000 fún àwọn ọmọ ọdún 15. Nínú ti ọdún 2022, tí èsì rẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2023, máàkì 465 ni Amẹ́ríkà gbà nínú ìṣirò. Ìpíndọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè OECD jẹ́ 472. Singapore gba 575, Japan gba 536, Korea gba 527. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Trump lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kíkà, 504 ni Amẹ́ríkà gbà nígbà tí ìpíndọ́gba jẹ́ 476. Nínú sáyẹ́ǹsì, wọ́n gba 499, ìpíndọ́gba jẹ́ 485. Ọmọ tó bá wà lókè nínú iṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní olódo.

Ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò sì fi hàn ni pé Amẹ́ríkà kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo. Ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 13,000, kálukú ló sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àpò owó tirẹ̀ àti tíṣà tirẹ̀. Nígbà ìdánwò PISA ọdún 2015, wọ́n ka máàkì ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́tọ̀. 527 ni wọ́n gbà nínú ìwé kíkà, gẹ́lẹ́ bíi ti Kánádà. Singapore tó wà lókè pátápátá gba 535. Erékùṣù Puerto Rico, tó wà lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà kan náà, gba 410. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ilé-ìwé Amẹ́ríkà dára tàbí pé ó ti bàjẹ́, Amẹ́ríkà wo ló ń wí?

Ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí Trump ṣe sọ ọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé-ìwé ìjọba l'Amẹ́ríkà ló ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń mú ìyókù wá, owó orí ilé àti ilẹ̀ sì ni ìjọba ìbílẹ̀ gbójú lé jù. Àdúgbò tí ilé ti wọ́n, owó ilé-ìwé wọn á pọ̀. Àdúgbò tí ilé ti pọ́kú, kí wọ́n máa rọra.

Ẹjọ́ kan wà tí kò yẹ ká gbàgbé lórí èyí. Ní ìlú San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 1968, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama Edgewood, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìran Mẹ́síkò, bọ́ síta kúrò ní kíláàsì láti fẹ̀hónú hàn lórí ilé tó ti ń wó àti tíṣà tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Òbí kan tó ń jẹ́ Demetrio Rodriguez, òun àti àwọn òbí mìíràn, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó hàn síta níbẹ̀ yani lẹ́nu. Owó orí tí àwọn èèyàn Edgewood ń san lórí ilé wọn ló pọ̀ jù ní gbogbo agbègbè ìlú náà: dọ́là kan àti sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye tí ilé bá tó. Àwọn olówó Alamo Heights, tí wọn kò jìnnà sí wọn, ń san sẹ́ǹtì 85. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, títí kan èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ fi kún un, dọ́là 356 ló kan ọmọ kan ní Edgewood lọ́dún, dọ́là 594 ló kan ọmọ kan ní Alamo Heights. Àwọn tálákà ló ń san púpọ̀, ọmọ tiwọn náà ló ń gba kékeré.

Lọ́dún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà dá Rodriguez àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀ pé ìwé òfin ilẹ̀ náà kò ka ẹ̀kọ́ ìwé mọ́ ẹ̀tọ́ tó pọn dandan fún aráàlú. Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ tó fòfin de yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ nílé-ìwé lọ́dún 1954, wà lára àwọn mẹ́rin tí kò fara mọ́ ọn. Àwa náà kò fara mọ́ ọn. Ọdún 1989 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ Texas tó wá dá Edgewood láre. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún 1968 ti di ẹni ọdún 27 nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Japan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ tíṣà ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ń san ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á gbé tíṣà kúrò nílé-ìwé kan lọ sí òmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọṣẹ́ gan-an kò lè fìdí mọ́ àdúgbò ọlọ́lá títí ayé. Ní Finland, ilé-ìwé aládàáni pàápàá kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òbí fún ẹ̀kọ́ tó pọn dandan. Oúnjẹ ọ̀sán di ọ̀fẹ́ láti ọdún 1948. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń mú wọ kíláàsì kìn-ín-ní, tíṣà tó máa kọ́ ọ sì ti gba oyè kejì ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ tó bá gba fọ́ọ̀mù láti kọ́ṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ń dá padà, bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà padà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tí kò bá ríbi wọlé là ń sọ fún pé kó kúkú lọ ṣe tíṣà. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀bi yín kọ́.)

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Finland ti dé èbúté ògo. Nínú ìṣirò, wọ́n ti já wálẹ̀ láti 544 lọ́dún 2003 sí 484 lọ́dún 2022. Korea tí gbogbo ayé ń yìn, ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù Kọkànlá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń pinnu yunifásítì tí ọmọ á wọ̀. Lọ́jọ́ náà, tó bá kan iṣẹ́ títẹ́tí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàálù kò gbọdọ̀ gbéra, kò sì gbọdọ̀ balẹ̀, kí ariwo má baà dí wọn létí. Lẹ́sìn àṣálẹ́ pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ní láti ṣòfin nílùú Seoul pé kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Ní Jámánì, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń yà sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: eléyìí ọ̀nà yunifásítì, tọ̀hún ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn dára lóòótọ́, àmọ́ ta ló mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa dà?

Ibí yìí ni Amẹ́ríkà ti ta wọ́n yọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ti Joliet, ìpínlẹ̀ Illinois, sílẹ̀ lọ́dún 1901 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ń tàn káàkiri, tí ìyá ọlọ́mọ tàbí awakọ̀ takisí ẹni ogójì ọdún lè wọ̀ lálẹ́, kó gbabẹ̀ dé yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n mọ àṣírí owó ilé yẹn náà: kí àwọn èèyàn wa ní Houston tàbí Maryland tó béèrè iye yàrá tó wà nínú ilé, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ilé-ìwé àdúgbò.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Lọ́dún 1982 ni Nàìjíríà pa ètò tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tì, tí a mú 6-3-3-4 tí Amẹ́ríkà ń lò. A mú nọ́ńbà, a kò mú ohun tó gbé e ró. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wọ̀lú fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé títí tó fi dípẹtà, torí kò síná, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tó yá, a tún gba èyí tó burú nínú ti Amẹ́ríkà mọ́ra láìmọ̀. Òfin UBE ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, àmọ́ ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba nínú rẹ̀ láti fi kọ́lé, kó sì tún un ṣe, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú owó tirẹ̀ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó ti ń kó jọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UBEC, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò lọ gbà á, tí ọmọ wọn sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ èyí sí Edgewood? Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 1955, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Bìní ni ilẹ̀kùn ṣí fún lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò béèrè ìlú tó lóko kòkó jù.

Àwọn tó ṣòfin ọdún 2004 kò fẹ́ kí gómìnà ti ẹrù ilé-ìwé sí Àbújá lọ́rùn. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, àmọ́ ọmọ ni ìyà ń jẹ, kì í ṣe gómìnà. À ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ jẹ́ kí owó náà máa tẹ̀lé iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, kì í ṣe bí àpò ìpínlẹ̀ ṣe wúwo tó. Ìpínlẹ̀ tó bá gbà á, kó tẹ ohun tó fi ṣe sínú ìwé ìròyìn, láti ilé-ìwé kan dé èkejì. Gómìnà tó bá sì ní òun kò lówó tòun láti fi kún un, kó kọ́kọ́ sọ fún wa iye tó fi ra mọ́tò lọ́dún yẹn.