Olùkọ́ ni Ìyá Fẹlá



Bí olùkọ́bìnrin kan bá dágbére fáyé ní Ìbẹ̀fún tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ yóò ka orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àna tán pátápátá. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kì í sábà gbà ju ìlà kan lọ. Ìyá rere ni, aya àtàtà ni, ó parí. Èmi kò fara mọ́ ọn, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fẹlá, ni n ó sì fi ṣe ẹ̀rí.

Bí a bá dárúkọ wọn, ohun tí ó ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni mọ́tò tí wọ́n wà, tàbí ìjà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà lẹ́yìn wọn títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ta ni ó ń rántí olùkọ́ tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Abẹ́òkúta ni a ti bí wọn ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, 1900. Wọ́n wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Grammar School gbà ní 1914. Wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, wọ́n sì padà wá ṣe olùkọ́ ní 1922. Ní 1925 ni wọ́n fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú Òde Grammar School.

Ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìbá jókòó kí ó máa gba ìkíni. Wọ́n kò jókòó. Wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ jọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn. Lónìí tí jẹ́lé-ó-sinmi kún gbogbo òpópónà, ó lè ṣòro láti gbà pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìjẹ̀bú-Òde yìí kan náà ni wọ́n ti bí Dolupo ní 1926 àti Olíkóyè, tí ó di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, ní 1927. Ọmọ tiwọn lẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ níwájú. Kò jọ pé ọ̀kan pa èkejì lára.

Ní 1932 ni tọkọtaya náà padà sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1940 sí 1949, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí ìyá yìí ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Nípasẹ̀ ìkọ́ni yìí ni wọ́n fi gbọ́ nípa ìrẹsì tí ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé àti owó-orí tí ó ń ni àwọn obìnrin lára. Ẹ wò ó dáadáa: kíláàsì ni ó bí ìjà náà.

Ẹnìkan lè ní olókìkí ni tiwọn, olùkọ́ Ìbẹ̀fún kọ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tiwọn rí ẹni kọ ọ́: Cheryl Johnson-Odim àti Nina Emma Mba tẹ ìwé kan jáde lórí ayé wọn ní 1997. Ta ni yóò kọ ti àwọn ìyá wa? Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ di ọwọ́ wọn mú kọ A, B, D, orin tí ó fi kọ́ wọn ní ìṣirò, àti ọmọ tí ó fi oúnjẹ ilé ara rẹ̀ bọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ìwé ètò ìsìnkú tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé.