Application Wà Lọ́wọ́ Wa, Àmọ́ Ilé Ta Ni Ìwé Wa Wà?

Bí a bá tẹ application lórí fóònù láti wo iye tí a ti dá nínú tontine, a máa ń rò pé inú fóònù yẹn náà ni orúkọ wa àti ìṣirò wa wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kàn ń béèrè ni. Ẹni tó ń dá a lóhùn wà níbòmíràn, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní serveur, tó lè wà ní Kútọnu, tó sì lè wà ní òkè òkun.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe application ló lágbára láti ra serveur, kí ó sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi tiwọn háyà. Wọ́n á tún fún oníṣẹ́ ní àpò irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SDK, kit de développement lẹ́nu Faransé. Bó bá ti fi SDK yìí sínú application rẹ̀, SDK ló mọ ọ̀nà serveur, òun ló ń jíṣẹ́ lọ, òun ló ń gba èsì bọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe ohun tí ìbá gbà á ní oṣù púpọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́.

Àmọ́ ẹ wo Parse. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ní Amẹ́ríkà, Facebook sì rà á lọ́dún 2013. Ta ni yóò rò pé ohun tó wà lábẹ́ Facebook lè parẹ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn máa ti ìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n tì í. Application tí wọn ò bá tíì kó kúrò níbẹ̀, àmì rẹ̀ ṣì wà lójú fóònù, àmọ́ bí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, serveur kò ní dáhùn.

Parse tilẹ̀ ṣe é tọmọlúàbí tọmọlúàbí: wọ́n fún àwọn oníbàárà ní ọdún kan, wọ́n là ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó dátà wọn, wọ́n sì fi Parse Server sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí serveur tirẹ̀. Ẹni tó ní oníṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìyẹn ṣe láǹfààní. Coopérative oníkáṣú ní Ṣábẹ tó sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tí ọmọ tó ṣe é ti ré kọjá lọ sí Èkó ńkọ́? Ta ni yóò bá wọn kó ẹrù?

Nílé wa níhìn-ín, FedaPay àti Kkiapay ní SDK tó ń jẹ́ kí application gba owó MTN àti Moov. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò gbọdọ̀ sí nínú application rárá, orí serveur ni ààyè rẹ̀, torí pé ẹni tó gbọ́n lè tú application wò bí ẹni tú ẹ̀kọ. Àwa tí a ń kọ́ni mọ̀ pé ìkánjú máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbàgbé èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága àti akápò, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọmọ náà: serveur ta ni? Ṣé a lè kó orúkọ àti ìṣirò wa jáde lóṣooṣù, ká tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wa? Compte tó ṣí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn, orúkọ ẹgbẹ́ ló fi ṣí i ni àbí email tirẹ̀? Bó bá jẹ́ email tirẹ̀ ni, ẹ ní kó yí i padà lójú yín, kí ẹ sì kọ mot de passe rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé.