Ilẹ̀ Tó Wà Níhòòhò Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Mímọ́

Ta ló sọ fún wa pé ọgbà ẹ̀fọ́ tó dáa ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ fónífóní bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá? A ó roko tán, a ó kó gbogbo koríko jọ sí igun kan, a ó ṣáná sí i. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì, koríko á tún ti yọ orí. Ẹni tí agara bá dá á gba ṣọ́ọ̀bù lọ, á ra oògùn apakòríko, á gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn. Lójú tèmi, iná yẹn àti oògùn yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìhòòhò ni àwọn méjèèjì ń fi ilẹ̀ sí, ilẹ̀ tó bá sì wà níhòòhò, koríko ni yóò fi bora.

Ọ̀pọ̀ èso koríko tó sùn sínú ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń jí wọn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ́ bá yí ilẹ̀, ńṣe là ń gbé wọn wá sójú oòrùn. Fi ewé tó nípọn tó ìka mẹ́rin bo ilẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní hù. Ìwọ̀nba tó bá hù, ọwọ́ lásán lo máa fi fà á tu. Ilẹ̀ ò ní tètè gbẹ, òjò ò sì ní máa ta ẹrẹ̀ sára ẹ̀fọ́.

Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ òyìnbó nìyẹn, ti YouTube. Èwo ni ti òyìnbó níbẹ̀? Ṣebí àgbẹ̀ tó bá gbin iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà se é mọ́lẹ̀. Kí ló dé tá a wá fi ọgbọ́n yẹn du ẹ̀fọ́?

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ewé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyí. Gbìn ín! Jogbo tó ń yọ òdòdó àwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá títì kiri ilẹ̀ Yorùbá, Mẹ́síkò ló ti wá, ó sì ti di onílé. Gé ẹ̀ka rẹ̀, gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó tán. Ewé rẹ̀ tètè ń jẹrà, ó sì ń sanra fún ilẹ̀. Gé e kó tó so, kó o sì sá igi rẹ̀ kó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ta gbòǹgbò láàárín ata rẹ. Agúnmaniyè náà wà, tí IITA ní Ìbàdàn gbìn sáàárín ohun ọ̀gbìn, tí wọ́n ń gé ewé rẹ̀ bọ́ ilẹ̀. Ó ṣe é fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Kódà Akíntọ́látakú, koríko tí wọ́n fi orúkọ olóṣèlú bú torí pé kì í gbà kí wọ́n lé òun, wúlò bí o bá gé e kó tó yọ òdòdó.

Tòmátò, ata àti ilá ò ní wàhálà. Tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n ni kó o jẹ́ kó kọ́kọ́ ga díẹ̀. Má kó ewé ti ìdí ohun ọ̀gbìn pátápátá, kó má baà rà, kí ikán má sì rí ọ̀nà gbà. Ìgbín á wá, òótọ́ ni. Ṣà á, kó o sè é.

Ẹ̀kan nìkan ni mi ò ní parọ́ fún ọ lé lórí: á gún ewé jáde bí abẹ́rẹ́. Àfi kó o wa gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, tàbí kó o ṣe bí àwọn àgbẹ̀ kan ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbin ẹ̀yà yèrèpè tí kì í yúnni lára lé e lórí títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé oògùn ló yá jù. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 2024. Ẹni tó bá gbé e mì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a máa já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí a máa sè fún ọmọ jẹ, kí ló kàn án pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Onílé á ní ọgbà rẹ ti di igbó. Já ẹ̀fọ́ díẹ̀ fún un.